Ìjì àti Yìnyín Nìkan, Omi Kò Sí Níbẹ̀

   Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń fi fóònù gbọ́ ètò yìí láti ìlú òyìnbó, pàápàá ẹ̀yin ará Houston àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ tòní kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Ìbéèrè kan rèé. Bí èèyàn bá kọ́lé sí etí òkun, tó fẹ́ gba ìwé adójútòfò lé e lórí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ìńṣọ́ránsì, tí ilé-iṣẹ́ tó lọ bá ní àwọn ò ṣe, kí ni kó ṣe? Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣetán láti san án. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á. Ta ni yóò sá tọ̀?

Ní ìpínlẹ̀ Texas, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìdáhùn wà. Ẹgbẹ́ kan wà tí òfin dá sílẹ̀ fún irú onílé bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Texas Windstorm Insurance Association. TWIA ni wọ́n ń ké e sí. Ibi ìsádi ìkẹyìn ni. Ẹni tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ níbòmíràn ló ń lọ síbẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí òun gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Ohun tí ìjì bà jẹ́ àti ohun tí yìnyín bà jẹ́ nìkan ni ẹgbẹ́ yìí ń sanwó fún. Omi kò sí níbẹ̀. Iná kò sí níbẹ̀. Olè kò sí níbẹ̀. Ìjì àti yìnyín, ó tán.

Etíkun Texas gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ààlà Louisiana, ó gba Galveston kọjá, ó gba Corpus Christi, títí dé ẹnu ààlà Mẹ́síkò. Àwọn ará ibẹ̀ mọ ìjì bí ẹní mowó. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1900, ìjì kan ya wọ Galveston. Ó kéré tán, 6,000 èèyàn ló bá a lọ. Títí di òní olónìí, kò tíì sí ìjì tàbí ìkún-omi mìíràn tó pa èèyàn tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n mọ odi gìrìwò sí etí òkun, tí wọ́n kó iyanrìn, tí wọ́n fi gbé ilẹ̀ ìlú náà sókè. Odi ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀.

Odi lè gba ìjà omi. Kò lè gba ìjà afẹ́fẹ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 1970, ìjì tí wọ́n sọ ní Celia wọ Corpus Christi. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló ṣe ọṣẹ́ jù. Òrùlé ṣí. Fèrèsé fọ́. Ògiri wó. Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò sanwó, wọ́n sanwó, ó sú wọn. Bí iná bá jóni, tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Àwọn náà gbọn tara wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹsẹ̀ wọn kúrò ní etíkun.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí onílé? Báńkì kì í yá èèyàn lówó ilé nílẹ̀ Amẹ́ríkà bí kò bá rí ìwé adójútòfò. Ẹni tó fẹ́ ra ilé kò rówó yá. Ẹni tó fẹ́ ta ilé kò rẹ́ni rà á. Ìlú lè ti ibẹ̀ kú. Ìdí nìyẹn tí àwọn aṣòfin Texas fi dìde ní ọdún 1971, tí wọ́n ṣòfin, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Orúkọ mìíràn ló ń jẹ́ nígbà náà. Ọdún 1997 ni wọ́n yí i padà sí TWIA. Gbogbo ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ máa ta adójútòfò ilé ní Texas, ọmọ ẹgbẹ́ ni, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Ohun tó dára ni wọ́n ṣe. Ìlú tó bá fẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ̀ máa gbé ibi kan, tó ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn, kò yẹ kó fi wọ́n sílẹ̀ fún ìjì.

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ló dé tí oníṣòwò yóò fi sá fún oníbàárà tó mú owó lọ́wọ́? Ẹ jẹ́ ká fi àjọ ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo ọmọ àjọ ń dá, ẹnì kan ń kó. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹlòmíràn á kó. Ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ká ní gbogbo ọmọ àjọ dìde láàárọ̀ ọjọ́ kan náà pé àwọn fẹ́ kó ńkọ́? Níbo ni olórí àjọ yóò ti rí i? Iná kì í jó gbogbo ilé tó wà nílùú lálẹ́ ọjọ́ kan. Ìjì lè ṣe é. Ní òru kan ṣoṣo, káúńtì mẹ́ta mẹ́rin lè wà nínú igbe. Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Bí gbogbo oníbàárà ilé-iṣẹ́ kan bá wà lójú kan létí òkun, ìjì kan lè pa ilé-iṣẹ́ náà run.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1992, ìjì Andrew jà ní gúúsù Florida. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò 11 ló wọlẹ̀ nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, ní ọdún 2002, Florida dá ẹgbẹ́ irú TWIA tiwọn sílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Citizens. North Carolina ní tirẹ̀. Mississippi ní tirẹ̀. Louisiana náà ní tirẹ̀. Ibi tí ìjì bá ti ń jà léraléra, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń nílò ibi ìsádi ìkẹyìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ wa, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ adójútòfò fún ilé tó wà létí òkun là ń sọ. Texas la wà. Ẹgbẹ́ TWIA la ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń gba onílé tí ilé-iṣẹ́ mìíràn kò gbà. Kókó rẹ̀ sì ni pé ìjì àti yìnyín nìkan ló ń sanwó fún. Omi kò sí níbẹ̀.

Ó dáa. Báwo lèèyàn ṣe ń wọ inú rẹ̀? Ará Dallas kò lè wọ̀ ọ́. Káúńtì 14 tó wà létí òkun ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, àti apá kan káúńtì Harris. Onílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn, kí wọ́n kọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ mìíràn bá ṣì fẹ́ gbà, kó dúró síbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ilé fúnra rẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Ilé tí wọ́n kọ́, tàbí tí wọ́n tún ṣe, láti ọdún 1988 gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé ó lè dúró de ìjì. Ẹnjiníà tàbí ẹni tó ń yẹ ilé wò ní láti wá wò ó. Ṣé ìṣó tó kan pákó òrùlé pọ̀ tó? Ṣé irin de òrùlé mọ́ ògiri, tó tún de ògiri mọ́ ìpìlẹ̀? Ṣé fèrèsé lè dúró bí afẹ́fẹ́ bá ju igi lù ú?

Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Òrùlé ti gbó. Onílé wá kọngílá olówó pọ́ọ́kú. Kọngílá ṣí ti àtijọ́, ó kan tuntun, ó gbowó, ó lọ. Kò sẹ́ni tó pe ẹni tó ń yẹ ilé wò. Òrùlé náà lè lẹ́wà, ó lè má jò rárá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí onílé bá dé ọ̀dọ̀ TWIA, ìwé ẹ̀rí ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Bí kò bá sí, ọ̀rọ̀ di wàhálà. Owó tí onílé rò pé òun fi pamọ́ ti di owó tí yóò ná ní ìlọ́po.

Ohun kan tún wà. Bí ìjì líle bá ti wọ agbami Gulf tí etíkun Texas kọjú sí, TWIA kì í gba oníbàárà tuntun mọ́. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò sì lè ní kí wọ́n bu owó kún tòun. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn títí ìjì yóò fi kọjá. Ṣé ẹ rí i pé ó bọ́gbọ́n mu? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo èèyàn á dúró dìgbà tí tẹlifíṣọ̀n bá kéde ìjì kí wọ́n tó wá sanwó.

Ẹ padà síbi ọ̀rọ̀ omi. Òun ló ń ba àwọn èèyàn lọ́kàn jẹ́ jù. Onílé etíkun nílò ìwé mẹ́ta. Èkíní ni ti ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó wọ́pọ̀, fún iná, fún olè, fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èkejì ni ti TWIA, fún ìjì àti yìnyín. Ẹ̀kẹta ni ti ìkún-omi. Láti ọdún 1968 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ní ètò adójútòfò ìkún-omi tirẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, èèyàn ní láti dúró fún ọjọ́ 30 kí ìwé náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìwé mẹ́ta, owó mẹ́ta, ọ́fíìsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó wọ́n. Ó tún ń dani lórí rú. Ọ̀pọ̀ onílé ló gba méjì, tí wọ́n rò pé ó ti tó.

Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn Ike.

Ní òru ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, ìjì Ike gúnlẹ̀ sí Galveston. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó dojú kọ Galveston, omi wà lápá ọ̀tún rẹ̀, omi wà lápá òsì rẹ̀. Bolivar ni wọ́n ń pè é. Ìlú kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Gilchrist. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Gilchrist ti lọ. Ilé tí ẹbí ti ń gbé bọ̀ láti ọdún gbọọrọ, ìpìlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù. Ibòmíràn, kìkì òpó ló kù nílẹ̀. Ilé kan ṣoṣo ló dúró lápá ibi tó kọjú sí òkun. Àwòrán rẹ̀ tàn káyé. Àwọn tó ni ín ti pàdánù ilé wọn nínú ìjì Rita ní ọdún 2005. Nígbà tí wọ́n tún un kọ́, wọ́n gbé e gorí òpó gíga. Ìyẹn ló yọ ọ́.

Àwọn yòókù ńkọ́? Wọ́n mú ìwé adójútòfò wọn, wọ́n lọ bá TWIA. Ìbéèrè tí wọ́n bá pàdé níbẹ̀ sì le. Kí ló gbé ilé yín lọ? Ṣé ìjì ni, tàbí omi?

Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ló lè dáhùn? Ilé kò sí mọ́. Òrùlé kò sí nílẹ̀ tí wọn yóò fi wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ṣí i. Ògiri kò sí tí wọn yóò fi wo ibi tí omi ga dé. Onílé ní afẹ́fẹ́ ti ya òrùlé òun kí omi tó dé. Àwọn tó mọ̀ nípa òkun ní omi ti ń gun Bolivar láti ọjọ́ tó ṣáájú, kí ìjì gan-an tó wọlé, àní omi ti bo ọ̀nà tí èèyàn lè gbà sá jáde. Ẹni tó ní ìwé ìjì tí kò ní ti omi, bí wọ́n bá dájọ́ pé omi ni, ọwọ́ òfìfo ni yóò padà sílé. Ilé ọ̀hún gan-an kò sì sí mọ́.

Ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Agbẹjọ́rò pọ̀ bí eṣú. Àwọn onílé fẹ̀sùn kan ẹgbẹ́ náà pé ó fawọ́ owó sẹ́yìn, pé kò yẹ ilé wò bó ṣe yẹ. Ní ọdún 2011, àjọ ìjọba tó ń rí sí adójútòfò ní Texas fi TWIA sábẹ́ àbójútó ara rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn aṣòfin tún òfin rẹ̀ ṣe. Wọ́n fi gbèdéke ọdún kan sí i: ẹni tí ìjì bá ba ilé rẹ̀ jẹ́ gbọ́dọ̀ lọ fi tó wọn létí kí ọdún náà tó pé. Wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ onímọ̀ jókòó, kí wọ́n wá ọ̀nà tí wọn yóò máa gbà mọ̀ bóyá ìjì ló gbé ilé lọ ni tàbí omi. Ó dára pé wọ́n ṣe é. Ó sì dunni pé ó dìgbà tí àwọn àgbàlagbà ti sùn sínú ilé onítáyà fún oṣù gbọọrọ kí wọ́n tó ronú kàn án.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí rédíò yín, ohun tí à ń tẹnu mọ́ nìyí: ìwé ìjì kì í sanwó omi. Ẹni tó wà létí òkun tó gba ìwé ìjì, kó gba ti omi náà.

Ó wá ku ìbéèrè owó. Níbo ni ibi ìsádi ìkẹyìn ti ń rówó? Àwọn onílé tó wà nínú rẹ̀ ló ń san án lọ́dọọdún. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú owó náà ń wọ inú àpò kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọjọ́ ibi. Bí àpò bá gbẹ, ẹgbẹ́ lè yáwó. Ó sì lè bu owó lé àwọn ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ lórí. Nígbà tí ìjì Harvey wọlé nítòsí Rockport ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, àpò yẹn gbẹ pátápátá. Àwọn ilé-iṣẹ́ ní láti dá owó. Ọ̀pọ̀ wa rántí Harvey nítorí omi tó kún Houston. Àwọn ará Rockport àti Port Aransas rántí rẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́. Ìjì kan náà ni o. Afẹ́fẹ́ lápá kan, omi lápá kejì, ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjì Beryl tún wọlé nítòsí Matagorda, owó ńlá tún jáde.

Ìdí nìyẹn tí ariwo fi ń sọ nígbàkúùgbà tí ìgbìmọ̀ TWIA bá jókòó lórí iye tí onílé yóò san. Àwọn tó jìnnà sí òkun ń béèrè pé, kí ló kan àwọn nínú ilé ìgbafẹ́ olówó tó wà létí òkun? Àwọn ará etíkun ń dáhùn pé àwọn tó ń fọ epo ní Port Arthur àti Texas City, àwọn tó ń já ẹrù ní èbúté Corpus Christi, òṣìṣẹ́ ni wọ́n, epo tí wọ́n ń fọ̀ ni gbogbo Texas ń rà sọ́kọ̀. Òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n òótọ́ àwọn ará etíkun wúwo jù. Òṣìṣẹ́ tó fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ilé kékeré tó ti kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, kò yẹ kí owó adójútòfò lé e kúrò nílé. Ẹni tó ń kọ́ ilé ìsinmi kejì sórí iyanrìn lónìí, tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gilchrist, òun ló yẹ kó san owó ewu náà tán.

Alabama ti rí ọ̀nà kan tó dára ju àríyànjiyàn lọ. Láti ọdún 2016 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń fún onílé lówó, tó lè tó 10,000 dọ́là, kí wọ́n fi tún òrùlé wọn ṣe lọ́nà tí ìjì kò fi ní lè ṣí i. Ìṣó tó lágbára, ohun tí wọ́n fi ń dí àlàfo pákó kí omi má gbà á wọlé, etí òrùlé tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ dáadáa. Òfin sì ní kí ilé-iṣẹ́ adójútòfò dín owó onílé bẹ́ẹ̀ kù. Nígbà tí ìjì Sally gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 2020, àwọn ilé tí wọ́n fún lókun bẹ́ẹ̀ kò bàjẹ́ tó àwọn yòókù. Irú owó bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí Texas náà máa ná. Òrùlé tí kò ṣí kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni. Pearland, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé lẹ́bàá Houston, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà ní káúńtì Brazoria. Káúńtì Brazoria sì wà lára àwọn 14 tí a mẹ́nu kàn. Ọmọ yín tó ra ilé síbẹ̀ lè ní ìwé adójútòfò lọ́wọ́, kí wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ìjì kò sí níbẹ̀. Ṣé ó ti kà á? Ṣé ẹ ti bi í?

Nílé níhìn-ín, ẹ wo Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1947. Òkun ti gbé ilé wọn lọ, ó ṣì ń gbé e. Àní bí TWIA bá wà ní Ayétòrò lónìí, kò ní sanwó, nítorí omi ni, kì í ṣe ìjì. Ìdáàbòbò etíkun ni àwọn ará Ayétòrò ń fẹ́, ìjọba ló sì gbọ́dọ̀ ṣe é fún wọn.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ní etíkun Texas, oṣù Kẹfà ni àsìkò ìjì ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, òpin oṣù Kọkànlá ló ń parí. Ẹ má dúró de ìkéde. Ẹ gbé ìwé yín jáde lálẹ́ òní. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ìjì sí. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ìkún-omi sí. Bí ọ̀kan kò bá sí níbẹ̀, ẹ pe éjẹ́ǹtì yín lọ́la. Bí ẹ bá sì fẹ́ pààrọ̀ òrùlé, ẹ pe ẹni tó ń yẹ ilé wò kí kọngílá tó gun orí àkàbà.